Ọjọ́ Kọkàndínlógún

Ṣìfáwù, ohùn rẹ wọlé lálẹ́ àná,
ó ń já wẹ́wẹ́ bí òwú tí a fi eyín gé.
Mo gbé fóònù lé orí máṣìnì
kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.
Kàmílù ọmọọṣẹ́ mi ní, “Bàbá, níbo gan-an ló wà?”
Mo na ọwọ́ sí ọ̀nà Òkè-Fíà,
àfi bí ẹni pé òkun wà lẹ́yìn ilé epo.

O ní ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun náà:
ìwọ, Kápútẹ́nì Gírétà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún,
àti ọmọkùnrin ará Bùràsíìlì kan
tí kì í dáhùn kíkí bí kò bá tíì mu kọfí.
Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin lẹ fi ń pín ìṣọ́.
Tìrẹ ni agogo méjìlá òru sí mẹ́rin,
ìwọ nìkan, ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́,
okùn so ọ́ nídìí mọ́ ọkọ̀ bí àgbò iléyá.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín.

Omi ló bi ọ́.
O ní lítà méjì lóòjọ́, ti mímu nìyẹn;
omi òkun lẹ fi ń fọ abọ́, òun náà lẹ fi ń wẹ̀,
iyọ̀ a sì gbẹ síni lára bí ẹfun.
“Omi yí ọmọ ká, ọmọ ń fi ife wọn omi mu!”
Ó dìde, ó ṣí kànga wa,
ó wo ìsàlẹ̀ títí, ó pa á dé.
Ọyẹ́ ti fa tiwa náà gbẹ.
Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni gbogbo ilé ń lò lójúmọ́.
N kò sọ fún ọ.

O ní láàárọ̀ ẹ ń ṣa ẹja lórí pákó,
ẹja oníyẹ̀ẹ́ tó fò lóru tó ṣìnà.
O so ìkòkò mọ́ ààrò,
ààrò fúnra rẹ̀ ń fì bí ọmọ orí jangilọ́fà.
Lọ́jọ́ kẹfà, ọbẹ̀ dà sí ọ lẹ́sẹ̀. O kò sọ ọ́ nígbà náà.
Gààrí tí ìyá rẹ dì fún ọ ku ife méjì.
Ọ̀pọ̀ ọjọ́, o ní, nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀:
ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ wo ibi tí okùn ti ń họ,
ẹ kọ afẹ́fẹ́ sínú ìwé.

Àmọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbòkun ńlá ya
láti etí dé àárín.
Wákàtí méjì àbọ̀ lo fi rán an, Gírétà di tọ́ọ̀ṣì mú.
Mo bi ọ́ pé ìránṣọ wo lo lò.
“Èyí tí ẹ fi tún ṣòkòtò Àlùfáà Sàláwù ṣe,
èyí tó ya fún wọn nídìí rúkúù.”

Ṣé o gbọ́, Kàmílù?
Èmi tí n kò ré kọjá Ìbàdàn rí,
tí mo ń di irin afárá mú kí n tó lè wo odò Ọ̀ṣun,
ọwọ́ mi ń di afẹ́fẹ́ mú láàárín agbami.

Eruku pupa bo ìgbòkun yín, o ní,
Gírétà ní apá ilẹ̀ wa ló ti fẹ́ wá.
Ìyá rẹ gba fóònù: “Má tíì gbọ̀n ọ́n nù.”

Agogo méjìlá yín, agogo mẹ́ta wa ni.
Mo ti jí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù,
ọyẹ́ ń gbé aṣọ ìkélé, ó ń jẹ́ kó wálẹ̀.
Ìbéèrè rẹ ìkẹyìn kò parí kí ohùn tó já:
“Bàbá, òwú yẹn, ṣé kí n fi—”

Fi í lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi.
Fi ìda oyin pa á.
Mo ti ń sọ ọ́ láti àná.